Ìmọ́lẹ̀ Inú Ilé Bàbá Irin

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ewé abẹ̀bẹ̀ oníná mi kán. Oṣù Ẹrẹ̀nà la wà, nígbà tí ooru Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń mú bí ẹni pé àwọn òkè àpáta ìlú yìí ló ń mí sí wa lára, kò sì sí bí ẹni ọjọ́ orí mi ṣe lè máa fọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Aládùúgbò mi ní kí n má wulẹ̀ ra tuntun, kí n lọ sí àdúgbò Plateau, sọ́dọ̀ Felisité, obìnrin tó ń ta ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti dà nù. Mo gun zẹ́mì lọ. Ọkùnrin tó gbé mi rọra wa alùpùpù rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin, síbẹ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi méjèèjì ń ráhùn, mo sì ní láti dúró lẹ́bàá títì díẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti gbé mi wọlé.

Ibẹ̀ kì í ṣe ààtàn rárá. Felisité to gbogbo nǹkan ní irú ní irú: mọ́tò abẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀, àwókù rédíò lọ́tọ̀, bọ́tìnnì nínú ìgò, ọ̀pá agboòrùn tí aṣọ rẹ̀ ti ya, wáyà tí a ká bí òrùka, àgékù aṣọ tí àwọn aránṣọ gbá síta, páànù tó ti dógùn-ún títí ó fi ní àwọ̀ bí epo pupa. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ń wá láti Kútọnu láti wá ṣa páànù yẹn, wọ́n á fi ṣe ère. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń wá. Mo bá tíṣà ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ tó ń ka ìdérí ìgò sínú àpò, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó sì kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nítorí ó gbọ́ pé tíṣà ni èmi náà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Felisité fi mí sórí àga ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní ọkọ̀ mọ́, ó ní kí n sinmi, ó wọ inú lọ láti wá ewé tí yóò bá abẹ̀bẹ̀ mi mu. Ní igun kan, ọkùnrin kan dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó ń fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tọ́. Ẹsẹ̀ náà ń yí, ó ń dún tìkì-tìkì-tìkì, òórùn gírísì àti rọ́bà gbígbóná sì gba iwájú mi kọjá. Mo di apá àga náà mú. Fún ìgbà díẹ̀, n kò sí ní Plateau mọ́.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìjọba gbé bàbá mi láti Pobẹ̀ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti wá kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Mẹ́tìrì, ìyẹn tíṣà lédè Faransé, ni gbogbo ìlú ń pè é, débi pé ìyá mi pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí àlejò bá wà nílé. Ilé tí wọ́n fún wa kò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Kútọnu, ìdérí ìkòkò ìyá mi á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà la ó gbọ́ fèrè rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tó ń ta iṣu sísè àti wàgàsì tí a fi wàrà ṣe á gbé igbá wọn, wọ́n á sá tẹ̀lé fèrèsé àwọn èrò. Àwa ọmọdé mọ ìró ọkọ̀ tó gbé òwú yàtọ̀ sí èyí tó gbé ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ rí, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀.

Èdè kan náà ni àwa àti àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn wa máa ń gba ibòmíràn kọjá. Bí mo bá la ẹnu nílé-ìwé, kíláàsì á rẹ́rìn-ín títí bàbá mi á fi na tábìlì ní pàṣán. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Sàlámátù lórúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu kan ní àdúgbò wa. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, ó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá sọ, kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo tún un sọ. Ó sọ ọ́ tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e lọ bí ẹni rí nǹkan he. Láti ọjọ́ náà, a kò fi ara wa sílẹ̀.

Òun ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Irin. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ lójú irin títí ó fi darúgbó, iṣẹ́ náà sì ti gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó fi igi àti páànù àlòkù kọ́ ahéré kan sẹ́yìn ilé, ó wá ń kó gbogbo ohun tí ayé bá jù sílẹ̀ síbẹ̀: ìdè irin, gíláàsì fìtílà, sípírìǹgì, ìgò tí àwọn èrò ọkọ̀ sọ láti ojú fèrèsé, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ oríṣiríṣi. Ọjọ́bọ̀ ni ilé-ìwé kì í sí nígbà náà, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ tiwa níbẹ̀. Ìwọ á kọ́kọ́ gbálẹ̀ kí o tó wọlé. Bí o bá gbé nǹkan kan, Bàbá Irin á béèrè lọ́wọ́ rẹ pé kí ló tún lè ṣe, o kò sì gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ títí wàá fi dáhùn. Mo gbé póò ọmọdé kan tí kò ní ìdí mọ́ lọ́jọ́ kan, mo yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ni mo bá sọ pé ó lè di fìlà. Bàbá Irin gbà á lọ́wọ́ mi, ó dé e, ó sì dé e kiri títí ọ̀sán fi rọ̀. Ó dé e lọ kí ìmáàmù.

Ọwọ́ òsì ni Sàlámátù ń lò. Nílé-ìwé wọ́n ń nà án nítorí ọwọ́ yẹn, bàbá mi pẹ̀lú wọn, kí n má parọ́. Lọ́dọ̀ Bàbá Irin, kò sí ẹni tó bi í léèrè. Ọwọ́ náà á wọ inú nǹkan tó bàjẹ́, á máa wá kiri bí ẹni ń wá oyin nínú ihò igi, kò sì pẹ́ tí nǹkan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mi. Nínú ìṣirò kò sí ọmọ tó lè bá a du ipò kìn-ín-ní. Bàbá mi máa ń sọ nílé pé bí ọmọ yẹn bá gba sẹ̀tífíkà, òun fúnra òun ni yóò lọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó lè tẹ̀ síwájú.

Ìyá bàbá Sàlámátù ń ran òwú nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, èéfín fìtílà elépo sì ń mú kí omi máa jáde níbẹ̀. Sàlámátù wá pinnu pé òun á ṣe iná tí kì í yọ èéfín fún un. Ó fi ọ̀pá irin ṣe férémù, ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan sí i, ó so ọwọ́ mọ́ ọn tí ènìyàn á fi máa yí i, ó rí gílóòbù kékeré kan nínú àwókù fìtílà. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló kù, dìnámò, ohun kékeré onírin yẹn tí ń fẹnu kan táyà kẹ̀kẹ́ tí ó sì ń fún iná rẹ̀ lágbára. Bàbá Irin kò ní èyí tó dára.

Mo ní mo mọ ibi tí ọ̀kan wà.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wa. Sàlámátù kò bẹ̀ mí. Kò tilẹ̀ béèrè ibi tí mo ti fẹ́ mú un wá. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí bàbá mi ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú ohun èlò, mo yọ dìnámò kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lọ.

Bàbá Irin kò sí nílé. Ó ti lọ sí Adido láti sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, kò sì ní dé títí di Sátidé. Sàlámátù de dìnámò náà mọ́ férémù. A ti ilẹ̀kùn, a fi àpò ìdọ̀họ dí gbogbo ihò tí oòrùn ń gbà wọlé, ahéré náà ṣókùnkùn biribiri lọ́sàn-án gangan. Mo jókòó sílẹ̀ kọjú sí gílóòbù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Ní àkọ́kọ́ ó pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ó di bí ẹran ọsàn. Lẹ́yìn náà ó funfun. Gbogbo ohun tí Bàbá Irin so kọ́ sókè yọ òjìji lẹ́ẹ̀kan náà, òjìji náà sì ń rìn lára páànù. Àwọn ìgò tàn. Mo wo ọwọ́ ara mi, mo rí gbogbo ìlà inú rẹ̀. Sàlámátù tẹ̀ síwájú lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, òógùn ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ó tàn, ṣé ó tàn. Mo ní ó tàn.

Nígbà tí ó sinmi tán, ó ní kí n dá a padà. Ó ti ń tú u. Èmi ni mo ní kí ó fi sílẹ̀ títí di Sátidé, kí Bàbá Irin lè rí i, nítorí bàbá mi kì í sábà jáde ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ẹnìkan wá sọ fún bàbá mi pé ara tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Besé kò yá. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ kí i. Nígbà tí ó ń bọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, ó fẹ́ tan iná, iná kò tàn. Ó mọ ọ̀nà náà dáadáa, nítorí náà ó ń bọ̀. Òjò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà náà láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko ló gbé e wálé lórí ọmọlanke, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́ lọ́nà méjì.

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ẹni tó ń to egungun ti dì í tán, bàbá mi pe àwa ọmọ márùn-ún, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ní iwájú. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Kò pariwo.

"Ta ló yọ dìnámò kẹ̀kẹ́ mi?"

Ewé tí wọ́n sè fún ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn.

"Sàlámátù ni," ni mo wí.

Wọ́n lọ sí ahéré, wọ́n bá dìnámò náà níbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá Sàlámátù, ó fà á wá, ó sì ti nà án lójú ọ̀nà. Sàlámátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rò pé ó máa sọ̀rọ̀, mo ti ń wá irọ́ kejì tí n ó fi gbe ti àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀. Ó kàn ní kí Mẹ́tìrì má bínú, ó sì tún un sọ.

Ènìyàn rere ni bàbá rẹ̀, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ojú tì í pé ọmọ òun ló sọ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú di arọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé, ó fi í ránṣẹ́ sí arábìnrin rẹ̀ ní Párákú. Oṣù mẹ́ta ló kù kí a ṣe ìdánwò sẹ̀tífíkà. Lọ́jọ́ tí ó lọ, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀, ìdérí ìkòkò ìyá mi gbọ̀n, mo sì jókòó sínú ilé. Mo yege nínú ìdánwò náà. Bàbá Irin fi àgádágodo sí ahéré rẹ̀, kò sì ṣí i fún ọmọdé kankan mọ́ títí ó fi kú. Bí mo bá kí i lọ́nà, ó máa ń dá mi lóhùn dáadáa. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè máa gba ọ̀nà yẹn.

Ọ̀pá ni bàbá mi fi rìn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù. Wọ́n gbé e padà sí ìhà ilé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èmi náà di tíṣà, ìjọba sì gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, mo fẹ́ ọkọ níbí, mo bímọ níbí. Ní gbogbo ọdún tí mo bá lọ kí bàbá mi ní Pobẹ̀, mo máa ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti inú ọkọ̀. Bí mo bá débẹ̀, oúnjẹ á ti délẹ̀, àwọn ọmọ á ti yí i ká, n ó ní ó di ọ̀la. Ó kú ní ọdún kan tí n kò tíì lọ.

Mo rí Sàlámátù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn náà. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin nígbà yẹn. Wọ́n kó àwa tíṣà lọ sí Párákú láti lọ máàkì ìwé ìdánwò, mo sì gba ọjà wọn kọjá. Obìnrin kan jókòó sáàárín ìkòkò àti fìtílà, ó ń fi òjé dí ìdí kẹ́tùlù. Ọwọ́ òsì ló fi mú irin gbígbóná náà. Mo dúró. Ó gbójú sókè, ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ Mẹ́tìrì." Ó ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi pé kí n jókòó.

Ó béèrè ẹsẹ̀ bàbá mi. Mo ní ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní òun gbọ́ bẹ́ẹ̀, òun máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá. Ó ní ìyá bàbá òun kò pẹ́ sí i tí ojú rẹ̀ fi fọ́ tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, àwọn tó ń kọjá sì ń wò wá. Ó gbé irin náà sílẹ̀.

"Dákẹ́ ná," ni ó wí. "Nǹkan kan wà tí mo ti fẹ́ bi ọ́ láti ọjọ́ yẹn. Èmi ń yí kẹ̀kẹ́, mo dorí kodò, òógùn wọ̀ mí lójú. N kò rí i dáadáa. Ìwọ nìkan ló rí i. Báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa ẹyin iná àti ọsàn, mo sọ nípa àwọn ìgò, mo sọ bí òjìji ṣe ń rìn lára páànù. Ó ní kí n sọ ti òjìji lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ ọ́. Ó ń fetí sílẹ̀ bí ó ṣe fetí sí mi lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó mi orí, ó mú kẹ́tùlù rẹ̀, ó ní onínǹkan ń bọ̀ wá gbà á. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí. Mo ṣèlérí pé n ó padà wá. Àwọn ọmọ, iṣẹ́, àìsàn ọkọ mi, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn tí ń gba ọdún lọ́wọ́ ènìyàn. Nígbà tí mo tún dé ọjà náà, wọ́n ní ó ti kú, kò sì tíì pé ọdún kan.

Felisité ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ti rí ewé abẹ̀bẹ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ kò bá tèmi mu, ó ní ṣé kò burú. Ó béèrè bóyá ara mi kò yá kí òun wá omi. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Ó jókòó tì mí títí mo fi gbádùn díẹ̀, ó ń sọ fún mi bí òun ṣe kọ́ iṣẹ́ jíjó irin ní ilé-ìwé, òun àti ọmọbìnrin méjì mìíràn láàárín ọkùnrin ọgbọ̀n, bí ìyá òun ṣe sunkún lọ́jọ́ tí òun yege. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti ta kiri. Mo ronú nípa oṣù mẹ́ta tó kù kí Sàlámátù ṣe ìdánwò.

Àyípadà pọ̀. Koríko ti bo ojú irin, ewúrẹ́ ló ń jẹ níbẹ̀. Ibi tí ahéré Bàbá Irin wà, àwọn ọmọ kan ń ta káàdì fóònù níbẹ̀, wọn kò sì mọ ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iná ti dé gbogbo ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń lọ nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tí ń gbé ohun tó bàjẹ́ sókè, tí wọ́n ń wò ó yípo. Ìyẹn kò tíì tán, inú mi sì dùn pé ojú mi rí i.

Irọ́ mi náà kò tíì tán. Ní ọdún tuntun tó kọjá, gbogbo wa péjọ sí Pobẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ rere, tó mọ ìtàn sọ, ló ń sọ ọ́ fún àwọn kékeré bí ẹsẹ̀ bàbá-ńlá wọn ṣe ṣẹ́: pé ọmọbìnrin olè kan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, Sàlámátù lórúkọ rẹ̀, òun ló jí dìnámò kẹ̀kẹ́ Mẹ́tìrì. Ó ń ṣàfarawé bí olè náà ṣe ń yọ́ rìn. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, lórí àga tí wọ́n gbé fún mi ní ipò ọlá, mo sì ní kí wọ́n fún mi lómi mu.

Ẹnu mi kò gbé e rí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Pobẹ̀ àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìtàn tí wọ́n sọ fún yín kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ó sì ti jáde. N kò ní kí ẹ dẹ́kun sísọ ọ́. Bí ẹ bá tún péjọ lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá mo wà níbẹ̀ tàbí n kò sí, ẹ sọ ọ́ fún àwọn kékeré. Ẹ kàn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi tèmi sí i.